Ẹja Tí Kì Í Kú

Nílé iṣẹ́ omi tó wà létí ìlú, bí èèyàn bá kọjá àwọn pọ́ǹpù tó ń kùn láìsinmi, yàrá kékeré kan wà tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ odò. Inú yàrá yẹn ni obìnrin kan ti lo ọdún mọ́kànlélógún. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Ìyá Ẹja ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí Ọ̀gá títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ní kí wọ́n fi ẹja tí òun bí han òun. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro ó ṣàlàyé. Kí omi odò tó wọ inú àwọn àgbá ńlá tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, kó tó gba inú páìpù lọ bá ará ìlú, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ gba inú àpótí gíláàsì kan kọjá. Ogún ẹja wẹ́wẹ́ ló wà nínú àpótí náà, Ìyá Ẹja ló sì ń wò wọ́n. Bí ara wọn bá le, omi dára. Bí wọ́n bá ń yí gbirigbiri, tí wọ́n ń la ẹnu sókè bí ẹni tí èémí ń tán lọ, tàbí tí wọ́n dojú ikùn kọ òrùlé, a jẹ́ pé ohun burúkú ti bá omi wá. Kíá ni yóò yí wíìlì irin tó wà lára ògiri, ẹnu omi á sì tì. Tí ọ̀pọ̀ ẹja bá kú, wọ́n máa ń bu omi sínú ìgò fún àyẹ̀wò gidi o, àmọ́ ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni èsì rẹ̀ ń gbà kó tó dé. Ta ló máa fi òùngbẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Nítorí náà, ojú ẹja ni gbogbo ìlú fi ń ríran, ojú Ìyá Ẹja ni wọ́n sì fi ń wo ẹja.

Wọn kò sì lè rí ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ jù ú lọ, torí obìnrin tí ara rẹ̀ kì í lélẹ̀ ni. Á wo àpótí, á lọ sójú fèrèsé, á padà wá wo àpótí. Á nu gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Àga tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ṣì dà bíi tuntun títí di òní. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá fẹ̀yìn tì, àwọn máa ta àga náà padà fún ẹni tó kàn án.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú un dúró sójú kan, ìyẹn ni fóònù agogo méje àárọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, aránṣọ ni, àárín ìlú ló ń gbé, ní àjà kẹrin ilé kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wọlé ọkọ. Láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀, dókítà kò sì rí ìdí kankan tó lè tọ́ka sí. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí ti pé oṣù méje, kò sì tíì sí èyí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ẹja kì í béèrè bóyá ó sùn dáadáa. Omi ló máa ń béèrè.

"Ṣé o ti mu omi?"

"Mo ti mu ún, Mọ́mì."

"Ife mẹ́ta?"

"Ife mẹ́ta. Ẹ ó fi omi pa mí ni o."

"Omi kì í pa aboyún. Omi tí mo fojú ara mi wò ni. Ó mọ́ ju ojú lọ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láràárọ̀ nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni ń kíra.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó gbé obìnrin yìí lọ́kàn sókè kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, orí òkè ni wọ́n ti ń kó ẹja wá, níbi tí odò ti ń sun láàárín àpáta, kó tó kọjá lára oko kankan. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé e lọ lóṣooṣù. Ẹja ibẹ̀ kò le rárá. Tí àkókò ìfín-oògùn bá ti dé, tí òjò bá rọ̀, tó gbá oògùn kòkòrò láti inú oko wọ odò, wọn kì í rí ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ẹja á yí wíìlì, ìlú á gbẹ. Oṣù kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ló tì í. Àwọn èèyàn gbé garawa òfìfo wá sẹ́nu géètì, wọ́n sì bú u bí ẹní bú olè. Ọkùnrin kan bi í pé ṣé itọ́ ni kí òun fi wẹ ọmọ òun. Ó wọlé lọ, ó ṣa àwọn òkú ẹja náà sínú bébà, ó lọ gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n sídìí igi tó wà lẹ́yìn yàrá, torí kò lè dà wọ́n sórí ààtàn. Ó sunkún díẹ̀. Kò mọ̀ bóyá nítorí ẹja ni tàbí nítorí èébú.

Ọ̀gá tuntun dé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀dọ́ ni, kò le, àmọ́ ó fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ geere. Ọkọ̀ ti bàjẹ́ nígbà yẹn, kò sì sí òmíràn. Ó ní, "Màmá, àwọn ẹja yín yìí ti ya olókùnrùn jù. Ṣé ẹ ò lè wá èyí tó lágbára ni?"

Ó wá a. Apẹja kan wà lábẹ́ afárá, nísàlẹ̀ gbogbo oko. Irú ẹja kan náà ló ń rí níbẹ̀, ojú kan náà, ìrù kan náà, àwọ̀ wọn ló kàn dúdú díẹ̀. Ìyá Ẹja kó ogún. Àkókò ìfín-oògùn dé, méjì péré ló kú. Ó jẹ́ kí àwọn tó yè pa ọmọ, ó sì fi ọmọ wọn kún àpótí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kan kò kú. Inú rẹ̀ dùn, ó ní bóyá àwọn olóko ti ń lo oògùn tó rọjú. Ohun tó bá máa jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀, a kì í pẹ́ gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rin kọjá láìyí wíìlì. Ilé iṣẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí lára. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, ó lọ sábẹ́ afárá, torí méjì nínú ẹja àkọ́kọ́ ti darúgbó kú. Apẹja rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ẹja! Ṣé ẹ ti sin àwọn ọmọ yín ni?"

"Méjì péré. Ọjọ́ ogbó ló mú wọn lọ."

"Kí ló tún kù tó lè pa wọ́n bí kò ṣe ọjọ́ ogbó? Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣà wọ́n fún yín? Tí àwọn olóko bá fín oògùn, tí òjò bá gbá a wọ odò, ẹja á kàn léfòó lọ súà, ikùn wọn á funfun. Èmi á jókòó jẹ́jẹ́ sínú ọkọ̀ mi. Èyí tó bá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín òkú, òun ni màá bù fún yín. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní èyí tí kì í kú lẹ ń fẹ́?"

Ìyá Ẹja bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé ike ẹja rẹ̀, ó gun bèbè odò dé ojú títì, ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà sì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró. Mọ́tò kan fun fèrè fún un, kò gbọ́. Ẹja tí oògùn kò lè pa, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé oògùn dé? Adití ló gbà síbi tó yẹ kó gba ẹni tó máa kígbe. Fún odindi ọdún mẹ́rin, ó ń wo ẹja tí ara wọn le, ó ń sọ fún ìlú pé ẹ máa mu.

Láti ọjọ́ náà, kò ráàyè sinmi. Ọ̀rọ̀ adìẹ tó bà lókùn ni: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ó gbàgbé ìgbálẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó gbé omi kaná, ó dúró tì í títí ó fi hó gbẹ. Aago ògiri ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ó sì dà bíi pé òun ló ń bá wí. Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó di agogo méje àárọ̀ Ẹtì, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó yẹ kó sọ ọ́! Àmọ́ ìgbéraga wà nínú ìfẹ́ ìyá náà, ìbẹ̀rù sì wà nínú ìgbéraga ọ̀hún. Ó ní tí kò bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí òun dẹ́rù ba aboyún lásán ni? Kò béèrè ọ̀rọ̀ omi lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ẹ ò tiẹ̀ bi mí lónìí. Mo ti mu ife mẹ́ta."

"O ṣeun," ni ìyá wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé garawa onídèérí kan àti kẹ́ẹ̀gì kan, ó wọ mọ́tò lọ sí orí òkè. Ẹ̀gbẹ́ oko ni mọ́tò já a sí, ẹsẹ̀ ló fi rin ìyókù. Olóko kan gbé àgbá oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín in, òórùn rẹ̀ sì ń ta nímú. Ìyá Ẹja kí i kú iṣẹ́, ó sì bi í bóyá oògùn ọdún yìí rọjú ju ti tẹ́lẹ̀.

"Rọjú kẹ̀? Kòkòrò ò gbọ́ ti oògùn mọ́, Màmá. Ó ti mọ́ wọn lára. Èyí tó máa kú ti kú, irú-ọmọ àwọn tó le ló kù. Ìlọ́po mẹ́ta là ń pò ó báyìí."

Ó sọ ọ́ láìro ibi sí ẹnikẹ́ni, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oúnjẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ló ń wá. Àmọ́ Ìyá Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi kún oògùn lókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tirẹ̀ ń le sí i nísàlẹ̀, àárín méjèèjì sì ni ẹnu ọmọ rẹ̀ wà.

Nídìí àpáta, ó ká ìró sókè, ó wọ inú omi tútù. Gbogbo ọjọ́ ló fi lépa ẹja méje. Ó pọn omi ìsun kún kẹ́ẹ̀gì, ó sì padà sílé. Ní Ọjọ́ Àìkú, iwájú garawa ló wà, ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń bẹ ẹja pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má kú mọ́ òun lọ́wọ́ ṣáájú àkókò. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, òjò tó pọ̀ tó láti fọ gbogbo ewé oko. Ó ń gbọ́ ọ lórí páànù, gbogbo ara rẹ̀ sì ń ta á.

Ní òwúrọ̀ Ajé, kò tíì ju agogo mẹ́fà ààbọ̀ lọ tó fi dé yàrá rẹ̀. Ó da mẹ́rin nínú ẹja òkè sínú àpótí gíláàsì, ó sì fi mẹ́ta sílẹ̀ nínú garawa, nínú omi ìsun tí wọ́n bá wá. Ó gbé garawa náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Agogo méje kọjá. Kò pe ọmọ rẹ̀. Kò lè gbójú kúrò.

Ẹyọ kan ló kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú. Ó forí sọ gíláàsì. Èkejì ń yí gbirigbiri. Kò pẹ́ rárá tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi léfòó, ikùn lókè. Àwọn ẹja àtijọ́ ń jẹun lọ ní tiwọn. Ọ̀kan tiẹ̀ fi imú ti òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè jẹ. Nínú garawa, àwọn mẹ́ta yòókù ń lúwẹ̀ẹ́ yíká, ara wọn le.

Ó kígbe. Ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ sáré wọlé.

"Màmá, kí ló dé?"

"Omi yìí ò dára. Kò sì dára láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fẹ́ tì í."

Ọ̀gá wo àpótí. "Ṣebí ẹja yín ló ń lúwẹ̀ẹ́ yìí. Àwọn tó kú yìí, ṣé kì í ṣe ìrìn àjò ló pa wọ́n ni?"

"Ìrìn àjò kan náà ni mẹ́ta yìí rìn." Ó tọ́ka sí garawa. "Garawa kan náà, ọjọ́ kan náà. Omi ló yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dúró de èsì àyẹ̀wò nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ọdún mẹ́rin, Màmá! A ò tì í rí fún ọdún mẹ́rin. Aago tí a fún yín ńkọ́?"

"Ẹ wá gba aago yín. Èèyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọ̀gá mi. Èmi ni mo fi ẹja tí kì í kú síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣà wọ́n. Ẹja tó ń kú yẹn, òun ló ń gbà wá là, èmi ni mo lé e lọ."

Ó dì mọ́ wíìlì náà. Ó ti dípata. Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kò mira. Ọ̀gá ti ki ọwọ́ bọ àpò láti pe ẹnì kan, ni ojú rẹ̀ bá tún lọ sára òkú ẹja mẹ́rin náà.

"Omi yìí náà làwọn ọmọ mi ń mu," ló sọ, bíi pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá wíìlì mú, àwọn méjèèjì jọ fà á, ó han gooro, ó yí. Ariwo omi tó ń rọ́ kọjá lábẹ́ ilẹ̀ rọ díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá jáde lọ pe àwọn tó yẹ kó pè.

Kò pẹ́ tí fóònù Ìyá Ẹja fi dún.

"Mọ́mì, omi ti lọ o! Ẹ ò pè mí lónìí, omi náà tún lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti pọn omi kún garawa méjì láàárọ̀."

"Má mu ún."

"Ẹ̀n?"

"Dà á nù, ọmọ mi. Má fi se nǹkan kan. Oògùn oko wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo tì í."

"Mo ti mu ife mẹ́ta. Ìgbà wo ló ti wà nínú ẹ̀?"

Ìyá Ẹja lè sọ pé òjò àná ni, kò sì sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Ó wo garawa tó wà nílẹ̀.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti fura. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sọ fún ọ."

Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí. Ó mọ ohun tó ń kà lọ́kàn, torí òun náà ti kà á fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Mọ́mì. Àwọn méjì tó bàjẹ́ lára mi yẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Ó gbọ́ tí wọ́n fa nǹkan nílẹ̀, ó gbọ́ ariwo omi tí wọ́n dà nù, garawa kan, lẹ́yìn náà èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọmọ rẹ̀ padà dé, ohùn náà le, kò sì gbọ̀n.

"Ṣé omi kan wà lọ́wọ́ yín tó dára?"

"Omi ìsun wà. Kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹja mẹ́ta wà nínú tiwọn, wọn ò kú."

"Ẹ gbé e bọ̀. Ẹ gbé ẹja náà mọ́ ọn."

"Kí lo fẹ́ fi ẹja ṣe?"

"Èmi fúnra mi ni màá máa wò wọ́n báyìí, Mọ́mì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì bá a jiyàn. Ó gbé garawa rù, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi èkejì gbé kẹ́ẹ̀gì. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ sẹ́nu géètì pẹ̀lú garawa òfìfo, ẹnì kan sì ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Obìnrin tí kò rọra rìn rí láti ọdún mọ́kànlélógún gba àárín wọn kọjá, ó ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, kí omi má bàa dànù.